Ọ̀pá mẹ́rin ló yọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì lọ

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ alẹ́

"Àǹtí, ojú yín ti dúró o. Ẹnu yín ṣí sílẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló ń bá mi wí láti London. Èmi ni mò ń kọ́ ọ ní Yorùbá lórí fídíò lálaalẹ́ ọjọ́ Ajé, orí ẹ̀yà ara la sì wà. Mo ti pe "ìgbọ̀nwọ́" lẹ́ẹ̀mẹta, "ìgbọ̀n" nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti rí báyìí. Mo bojú wo ráútà, àpótí kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, níbi tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀: ọ̀pá mẹ́rin nínú márùn-ún ń tàn yòò, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tí mò ń ra dátà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pa á, kí n kà dé ọgbọ̀n, kí n tan án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún padà sídìí ìwà rẹ̀. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e, òun náà ní kí n pa á kí n tan án.

Ó sú mi. Mo mú ìwé àwọn ìbejì kan tí wọn ò kọ tán, mo ní gbogbo ohun tí mo bá rí lára ráútà yìí ni n ó máa kọ síbẹ̀ títí n ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Inú ìwé náà ni mo ti yọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí n tó di ẹ̀bi ru máàsì, òpó gíga tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá, ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ilé mi ni ọ̀tá wà. Ọ̀nà méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kó tó dé orí kọ̀ǹpútà mi. Láti máàsì dé ráútà, 4G ni. Láti ráútà dé kọ̀ǹpútà, Wi-Fi ni. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ní Wi-Fi ò dáa, Wi-Fi ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ping 192.168.8.1. Ping ń ránṣẹ́ kékeré lọ, ó sì ń ka ìgbà tó gbà kí èsì tó padà. Àdírẹ́sì ráútà tèmi ni 192.168.8.1. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ẹ wo ìdí rẹ̀. Èsì dé: mílíísẹ́kọ́ńdì 2, 3, 2, 4, 2. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo tẹ ping 8.8.8.8, ti Google, tó wà ní ìta gbangba. Èsì: 68, 74, 410, 1320, òmíràn ò dé rárá, 95. Ọ̀rọ̀ ti yà sọ́tọ̀ nìyẹn. Láàárín kọ̀ǹpútà àti ráútà, àlàáfíà ni. Láti ráútà lọ síta ni ogun wà.

Mo wá tẹ àdírẹ́sì ráútà yẹn síbi tí a ti ń kọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù. Ó bèèrè pásíwọọ̀dù. Ó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Eruku ti bò ó, mo fi etí ìró nù ún kí n tó rí i kà. Ọ̀pọ̀ wa ò ju pé ká wọ ojú ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan láti yí orúkọ Wi-Fi padà, ó di gbéré. Mo lọ sí abala ipò ẹ̀rọ, níbi tí àwọn nọ́ńbà pọ̀ sí jáǹtìrẹrẹ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ wò ni iye àkókò tí ráútà ti wà lójúfò láti ìgbà tó ti tàn kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èmi ò sì fọwọ́ kàn án láti alẹ́ àná! Ta ló wá pa á?

Mo ń padà lọ wò ó ní wákàtí wákàtí. Kó tó di àṣálẹ́, ó ti kú ó sì ti jí lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò mi ni pé ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ náà. Mo wá tẹ̀ lé wáyà iná rẹ̀ láti ara ògiri. Wáyà náà wọ inú bátìrì kékeré funfun kan tí mo rà nítorí àìsí iná, irú èyí tó ní ojú ihò mẹ́ta: 5 fóòtì (5V), 9 fóòtì (9V), 12 fóòtì (12V). Ara ṣájà tó bá ráútà wá, wọ́n kọ 12V, 1A. Ojú ihò 9 ni mo ti ráútà bọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti gbá pálọ̀ fún ọdún Àjíǹde. Èmi fúnra mi ni.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé ráútà kò kọ fóòtì mẹ́sàn-án. Gbogbo iná rẹ̀ tàn. Tí kò bá sí iṣẹ́ púpọ̀, á máa lọ. Ìgbà tí fídíò bá bẹ̀rẹ̀, tó wá ní láti pariwo sí máàsì léraléra, agbára rẹ̀ á tán, á dákú, á tún jí. Ó dà bí ẹni tó jẹ àkàrà kan ṣoṣo tí wọ́n wá gbé símẹ́ǹtì lé lórí. Mo yí i sí ojú ihò 12.

Ọjọ́rú

Ó ti wà lójúfò fún wákàtí mẹ́rìnlá. Kò kú mọ́. Fídíò ṣì ń dúró.

Àìsàn méjì ló ń ṣe é nígbà náà, ọ̀kan fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìkejì. Ìdí nìyẹn tí títàn-pípa tí wọ́n ń ní kí n ṣe kò fi lè yanjú nǹkan kan, kò sì fi lè fi nǹkan kan hàn mí. Mo padà sí ojú ìwé àwọn nọ́ńbà, mo da ohun tí mo rí kọ:

RSRP −84 dBm
RSSI −51 dBm
RSRQ −13 dB
SINR 1 dB
Band 3, fífẹ̀ 20 MHz
PCI 117
Cell ID 12342530

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì ìyọkúrò yẹn ná, nítorí òun ló lé mi sá lọ́dún tó kọjá. Ẹ kà á bíi gbèsè. Ẹni tó jẹ 84 sàn ju ẹni tó jẹ 97 lọ. Bí nọ́ńbà ṣe ń sún mọ́ òdo ló ń dáa sí i. Ìwọ̀n dB yìí kì í sì rìn bíi náírà: tí ẹ bá fi 3 gòkè, agbára ti di ìlọ́po méjì; tí ẹ bá fi 10 gòkè, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

RSRP ni agbára ohùn máàsì tiwa bó ṣe ń dé etí ráútà. Láti −80 lọ sókè, ẹ máa jẹun lọ. Ní −90, ó ṣì dáa. Ní −100, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Tó bá kọjá −110, ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀pá tó ń tàn lójú ráútà, ìwọ̀n agbára báyìí ni púpọ̀ nínú wọn máa ń tẹ̀ lé. Tèmi jẹ́ −84, ọ̀pá mẹ́rin. Wọn ò parọ́. Ohun tí a ò bi wọ́n ni wọn ò sọ.

SINR lẹ ní láti bi. Òun ló ń sọ bí ohùn máàsì yín ṣe ga tó ju ariwo gbogbo yòókù lọ. Láti 20 sókè, ọdún ni. Ní 13, kò sí àròyé. Tó bá jẹ́ 0, ohùn àti ariwo dọ́gba. Tèmi jẹ́ 1.

Ìgbà tí mo kọ 1 yẹn sílẹ̀ ni mo rántí ìnáwó méjì tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà ládùúgbò wa. Wọ́n ta kánópì ìsìnkú sí òkè, wọ́n ta ti ìyàwó sí ìsàlẹ̀, olórin wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbohùngbohùn wọn sì ga ju èèyàn lọ. Iwájú ilé wa wà láàárín gbùngbùn. Ìró náà le débi pé ó ń mi àyà, abọ́ ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ orin tí ẹnikẹ́ni ń kọ. RSRP −84 pẹ̀lú SINR 1 nìyẹn gan-an. Agbára kún ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ò yé ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n sì ṣe ṣe 4G nìyẹn: àwọn máàsì tó múlé ti ara wọn sábà máa ń lo ìgbì kan náà. Ẹni tó bá wà nítòsí ọ̀kan kì í mọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sí àárín méjì tí agbára wọn súnmọ́ra, òun ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

RSRQ àti RSSI ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. RSSI ni gbogbo ohun tí etí ráútà gbọ́ lórí ìgbì náà, ti máàsì tiwa, ti aládùúgbò, ti ariwo lásán. RSRQ kàn fi RSRP wé e ni. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé: fún ìgbì tó fẹ̀ tó 20 MHz, ẹ fi 20 kún RSRP, kí ẹ yọ RSSI kúrò. 20 − 84 + 51. Ó di −13, bó ṣe wà lójú ráútà gẹ́lẹ́. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. (Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 10 MHz, 17 lẹ máa lò dípò 20.)

Cell ID ló wá tú àṣírí. Ẹ pín in sí 256: èyí tó jáde ni nọ́ńbà máàsì, èyí tó ṣẹ́kù ni nọ́ńbà ojú tí máàsì náà fi kọ sí yín. 12342530 pín sí 256 jẹ́ 48213, ó ṣẹ́ku 2. Mo jókòó tì í, mo ń tún ojú ìwé náà ṣí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, Cell ID ti di 12312835, PCI, nọ́ńbà kúkúrú tí ráútà fi ń dá ojú máàsì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ti di 342. Máàsì 48097, ojú 3. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́. Oníyàwó méjì ni ráútà mi, kò mọ yàrá tí yóò sùn. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń kó ẹrù láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sọ́dọ̀ ìkejì ni ẹnu mi máa ń ṣí sílẹ̀ ní London.

Mo mọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé epo ní títì. Ìkejì wà lórí òkè, lẹ́yìn ilé-ìwé. Ibàdàn ni, òkè la ń gbé. Láti ojú fèrèsé pálọ̀ mi, èèyàn ń rí orí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò: 117 àti 342, tí ẹ bá pín wọn sí 3, méjèèjì ò ṣẹ́ku nǹkan kan. Tí àjẹkù PCI méjì bá bára mu báyìí, àmì tí àwọn máàsì náà fi ń júwe ara wọn máa ń bọ́ sórí ara wọn. Ìyẹn á túbọ̀ da SINR rú. Kò sí ohun tí èmi lè ṣe sí i láti ilé, àmọ́ ó dùn láti mọ ẹni tó ń jà á.

Ọjọ́bọ̀

Mo fa wáyà iná gígùn, mo gbé ráútà káàkiri ilé bí ọmọ tuntun. Ibi kọ̀ọ̀kan, mo dúró ìṣẹ́jú méjì kí nọ́ńbà tó balẹ̀.

Kọ́rídọ̀: RSRP −95, SINR −1. Ilé ìdáná, lẹ́bàá fíríìjì: −102, −2. Mi ò dúró níbẹ̀ pẹ́.

Yàrá ẹ̀yìn, ojú fèrèsé. "Ọ̀pá méjì péré ni o, Mọ́mì," ni Kẹ́hìndé wí, ó ti ń ká wáyà padà. Èmi náà ti fẹ́ jáde kí ojú mi tó bọ́ sí i: RSRP −97, RSRQ −9, SINR 14.

Mo ní kó dúró. Mo wọn ìyára. Ní pálọ̀, tó ní ọ̀pá mẹ́rin, nǹkan tó ń wọlé kò ju 3 Mbps lọ, èyí tó ń jáde ò tó ìdajì ẹyọ kan. Ní yàrá ẹ̀yìn, tó ní ọ̀pá méjì, 17 ló ń wọlé, 6 ló ń jáde. Láti −84 sí −97, dB 13 ló wà láàárín wọn. Ìyẹn ni pé ohùn tó ń dé yàrá ẹ̀yìn fi ìlọ́po ogún rọlẹ̀ sí ti pálọ̀. Òun ló sì yára jù, nítorí odindi ilé, bíríkì àti páànù, ló dúró láàárín yàrá yẹn àti máàsì orí òkè. Olórin kan ṣoṣo ló kù tí etí ń gbọ́.

Fèrèsé yàrá náà ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírin. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́: −91, SINR 17. Mo tì í padà: −97. Nẹ́ẹ̀tì lásán ń jẹ dB mẹ́fà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tó ń bọ̀! Mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹ̀fọn ti kó wa mọ́lẹ̀, bàbá àwọn ọmọ sì bèèrè bóyá ìwé ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ẹ̀fọn náà. Mo tì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìta ni ká gbé etí ráútà lọ nígbà náà. Ráútà tèmi ní ojú méjì lẹ́yìn tí wọ́n ń dè áńtẹ́nà mọ́. Mo ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ kan, bíi abọ́ ìgbé-oúnjẹ, tó kọjú sí ibì kan ṣoṣo. Wáyà méjì jáde lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà mẹ́wàá, ó tínrín bí okùn ìfaṣọsá.

Bàbá Onílé rí mi lórí àkàsọ̀. "Ìyá Ìbejì, ṣé sátẹláìtì lẹ fẹ́ gbé ka orí mi ni?"

"Rárá o, Bàbá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán ni. Ara irin fèrèsé ni mo dè é mọ́, mi ò lu òrùlé."

"Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jò."

Mo dè é, mo so wáyà méjèèjì, mo sáré wọlé lọ wo nọ́ńbà. −95. SINR 15. Gbogbo owó yẹn, dB méjì! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀.

Wáyà ni. Lórí ìgbì 1800 MHz, ìyẹn Band 3 wa, irú wáyà tínrín bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi dB kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Áńtẹ́nà fún mi ní bíi mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀tún, wáyà mítà mẹ́wàá gbà á padà lọ́wọ́ òsì. Láti irin fèrèsé dé orí tábìlì tí ráútà wà, mítà mẹ́ta ti tó. Èyí tó kù ni mo ká jọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń jẹ agbára mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe wá pẹ̀lú orí wáyà tuntun méjì àti ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fún un. Ó gé wáyà, ó bó rọ́bà dúdú, ó yí irun bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó bó rọ́bà funfun, ó ti bàbà àárín bọ ojú ihò, ó fún un. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí i. Ó ṣe ìkejì, iná lọ nígbà tó kù díẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù parí ẹ̀.

Ojú ìwé ráútà mi máa ń fi agbára etí kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Etí kìíní: −89. Etí kejì: −118. A gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n iná, a fi ẹnu kan kan bàbà àárín, a fi èkejì kan ara irin orí wáyà. Wáyà kìíní dákẹ́. Ìkejì pariwo píì. Ó gé orí náà kúrò, ó là á, ó sì fi hàn mí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì: ẹyọ irun bàbà kan ṣoṣo, tó tínrín ju irun ojú lọ, ló tẹ̀ kọjá rọ́bà funfun lọ fara kan bàbà àárín. Ó yí irun bàbà náà sẹ́yìn dáadáa lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dúró de iná kó tó fún un.

Yíyí áńtẹ́nà ló kù. Èmi wà lórí àkàsọ̀, Táíwò wà lójú kọ̀ǹpútà, mò ń fi bí ìka kan yí i, mò ń dúró, ó ń ké SINR sí mi láti inú yàrá.

"Mẹ́rìndínlógún! Méjìdínlógún! Ogún! Ọ̀kànlélógún! Ẹ dúró! Ó ti lọ, ẹ dá a padà!"

Ohun kan tí mi ò retí: ibi tí RSRP ti ga jù kọ́ ni SINR ti ga jù. Nígbà tí áńtẹ́nà kọjú sí máàsì ilé epo gan-an, RSRP jẹ́ −87, SINR sì jẹ́ 18. Mo fà á kúrò díẹ̀ sí òsì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọ sí máàsì orí òkè dáadáa: RSRP rọ̀ sí −88, SINR gòkè sí 21. Mo dè é mọ́bẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà tó ti wà lójúfò. Cell ID ò yí padà láti Àbámẹ́ta. Lọ́sàn-án, 31 ń wọlé, 12 ń jáde.

Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, ó ń wálẹ̀ sí 9. Mo wo àwọn nọ́ńbà lásìkò náà: RSRP ò yẹ̀, SINR ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, RSRQ nìkan ló wálẹ̀ láti −8 sí −11. Èrò ló pọ̀ lórí máàsì, gbogbo àdúgbò ti délé, wọ́n ń wo eré. Áńtẹ́nà ò ní oògùn ìyẹn. Mo ti bẹ ìyá ọmọ London kó jẹ́ ká máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mo ka àwọn ohun tó so mọ́ Wi-Fi wa. Mọ́kànlá. Àwa mẹ́rin la wà nílé. Mo yí pásíwọọ̀dù padà, kò pẹ́ tí ọmọ aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn wá kí mi, kó wá wo bóyá àlàáfíà ni.

Lálẹ́ yìí, "ìgbọ̀nwọ́" dé London lódindi. Ọmọ náà pè é padà fún mi, ó fi ọwọ́ kan orúnkún.

Ó ku kí n fi rọ́bà ìdènà omi yí orí wáyà méjèèjì níta, kí n sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Òjò ti ń ṣú lápá Ẹlẹ́yẹlé.